Bí a ṣe ń mú ìwé ìbéèrè lórí agara iṣẹ́ àti adùn iṣẹ́ àwọn dókítà bá èdè Yorùbá àti àṣà wa mu

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí ní àwọn ilé ìwòsàn Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin resident (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di onímọ̀ àkànṣe) tí ẹ ní iṣẹ́ ìwádìí láti kọ kí ẹ tó jókòó ìdánwò àṣekágbá, ẹ máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ẹ ti rí ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tàbí ní Dẹ́nmáàkì, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe ń sú àwọn dókítà tó àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń dùn mọ́ wọn tó. Ẹ wá ń bèèrè pé bí ẹnì kan bá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tí ẹlòmíràn sì ti dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó ti tó láti máa pín fún àwọn dókítà?

Kò tíì tó. Dókítà lè ka gbólóhùn kan, kí ó yé e yékéyéké, kí ó sì dáhùn ohun tí ẹ kò bi í. Iṣẹ́ yìí ò parí nígbà tí gbólóhùn Yorùbá bá dọ́gba pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí nígbà tí dókítà tó ń kà á ní Yẹmẹtu n'Ìbàdàn bá ń ro ohun kan náà tí àwọn tó ṣe ìwé náà ní lọ́kàn. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

### Ẹ yan ìwé ìbéèrè kan

Mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé jù.

- Maslach Burnout Inventory jáde ní 1981. Irú tí wọ́n ń lò fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìbéèrè 22, wọ́n sì ń bèèrè bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra sí, láti 0 dé 6. Ilé-iṣẹ́ Mind Garden ló ń tà á, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ra àṣẹ kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì gba àṣẹ ọ̀tọ̀ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.
- Copenhagen Burnout Inventory jáde ní 2005, ó ní ìbéèrè 19, a sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ya agara ti ara ẹni, agara ti iṣẹ́ àti agara tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń tọ́jú wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
- Professional Fulfillment Index ti Yunifásítì Stanford jáde ní 2018. Ìbéèrè 16 ló ní: 6 lórí adùn iṣẹ́, 4 lórí bí iṣẹ́ ṣe ń tán ènìyàn lókun, 6 lórí bí ọkàn ènìyàn ṣe ń jìnnà sí aláìsàn àti sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń bèèrè nípa rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì lọ láti 0 dé 4.

Ìkẹta yìí ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ń bèèrè ohun rere pẹ̀lú ohun búburú. Dókítà tí agara dá lè ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ẹni tí kò rẹ̀ sì lè ti pa iṣẹ́ náà tì nínú ọkàn rẹ̀. Ìwé tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò ní fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín. Ṣùgbọ́n kí ohun kan yé wa: àwọn gbólóhùn Yorùbá tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ, èmi ni mo kọ wọ́n fún ìtọ́sọ́nà yìí, wọn kò sí nínú ìwé ìbéèrè kankan.

### Ẹ pinnu bóyá Yorùbá gan-an ni ẹ nílò

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn dókítà wa nímọ̀ ìṣègùn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn dókítà UCH (University College Hospital, Ìbàdàn) nìkan ni ẹ fẹ́ bi léèrè, ó lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ti tún ṣe díẹ̀ ni yóò wúlò jù, nítorí pé láàárín wọn ni ẹ óò ti rí Igbo, Ẹdo, Tiv àti Hausa. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá nílò àtúnṣe, torí pé gbólóhùn tó sọ nípa ìgbésí ayé dókítà ní California lè ṣàjèjì létí ẹni tó ń ṣe kọ́ọ̀lù (iṣẹ́ àṣemọ́jú) ní wọ́ọ̀dù tí iná ti lọ.

Síbẹ̀, ìdí wà tó fi yẹ kí Yorùbá wà. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń ráhùn fún ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe èdè méjèèjì, kí olúkúlùkù yan èyí tó bá fẹ́, kí ẹ sì kọ èyí tí ó yàn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbèrò láti lò ó fún àwọn nọ́ọ̀sì tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lẹ́yìn náà, ẹ ó tún dán an wò láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó yé dókítà lè ní ìtumọ̀ mìíràn fún wọn.

### Àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín

- Lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìwé ìbéèrè náà, kí ó sì sọ pé ẹ lè túmọ̀ rẹ̀.
- Ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí. Fún UCH àti Yunifásítì Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ UI/UCH ni; fún ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Adéọ̀yọ́, ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
- Ètò tí ẹ ó fi pa ìsọfúnni àwọn ènìyàn mọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023.
- Ìwé kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo ìpinnu sí: ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn, èyí tí ẹ kọ̀, ìdí rẹ̀, àti ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò rántí ìdí tí ẹ fi yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

## Àwọn ìgbésẹ̀ náà

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n sí ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ má tíì túmọ̀ ìbéèrè kankan. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, ohun tí apá kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín: nínú ètò ìpínsísọ̀rí àrùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, wọ́n ṣàlàyé agara iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń ti inú wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́, tí a kò sì rí ojútùú sí, jáde wá. Ó ní ẹ̀ka mẹ́ta: kí okun tán nínú ènìyàn, kí ọkàn rẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ náà, kí ó sì máa rí i pé iṣẹ́ òun kò lọ bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n tún sọ pé kì í ṣe àìsàn. Ẹ fi kókó yìí sí ojú ewé náà, nítorí pé àwọn ògbufọ̀ yín yóò fẹ́ lo ọ̀rọ̀ àìsàn.

2. Ẹ gbọ́ bí àwọn dókítà fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ìlànà máa ń fò, èmi kò sì rò pé ó yẹ ká fò ó. Ẹ wá dókítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá: house officer (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́), resident, consultant (dókítà àgbà tó ti di onímọ̀ àkànṣe), ọkùnrin àti obìnrin, ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín ní Yorùbá bí ara àti ọkàn ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tó le. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ yín yóò ti mú ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè kò lè fún wọn.

3. Ògbufọ̀ méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà tí Dorcas Beaton àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé jáde ní 2000 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé níhìn-ín: kí ọ̀kan mọ ohun tí ìwé ìbéèrè náà wà fún, kí ìkejì má mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni kó jẹ́ èdè abínibí àwọn méjèèjì. Dókítà kan àti ẹnì kan láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ni mo fẹ́ràn jù. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti èdè Áfíríkà tí ẹ ti lè wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ ara wọn kí àwọn méjèèjì tó parí.

4. Ẹ so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn ògbufọ̀ méjèèjì àti ẹnì kẹta jókòó, wọ́n ń mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, ẹ kọ èrò méjèèjì sílẹ̀, ẹ má fi agbára ọ̀gá yanjú rẹ̀.

5. Ẹ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn méjì tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà rí, tí wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, ni yóò ṣe é. Iṣẹ́ ìgbésẹ̀ yìí ni láti tú àṣìṣe tó hàn gbangba síta. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ìtumọ̀ yín dára. Ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, tí kò sì dùn létí ọmọ Yorùbá kankan, òun gan-an ló máa ń padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìkù síbì kan.

6. Ìgbìmọ̀ onímọ̀. Ẹ pe gbogbo àwọn ògbufọ̀, onímọ̀ nípa ìwádìí, onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, onímọ̀ èdè, àti ó kéré tán dókítà méjì tí wọ́n ṣì ń ṣe kọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí gbólóhùn gbogbo, kí olúkúlùkù fi 1 dé 4 sọ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe bá ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n mu tó. Bí wọ́n bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí ìdá àwọn tó fún un ní 3 tàbí 4 tó 0.78 (78 nínú 100). Bí wọn kò bá ju márùn-ún lọ, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbà.

7. Ẹ jókòó ti àwọn tí yóò dáhùn rẹ̀. Ènìyàn 30 sí 40 ni ìlànà Beaton dábàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí orí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan:

- Ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín, kí ni gbólóhùn yìí ń bèèrè?
- Ọjọ́ wo tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ wo ló wá sí yín lọ́kàn nígbà tí ẹ ń dáhùn?
- Kí ló dé tí ẹ fi mú èyí, tí ẹ kò mú èyí tó tẹ̀ lé e?
- Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín, báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́?

Ìbéèrè kejì ló níye lórí jù. Ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn dáadáa, kó sì jẹ́ pé ibà tó ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó ń rò. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ènìyàn mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ tún gbólóhùn tó bá ṣi ọ̀nà ṣe, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe dúró dé ẹni ogójì kí ẹ tó mọ̀ pé gbólóhùn kẹta ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

8. Ìdánwò pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ bá onímọ̀ ìṣirò yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdáhùn jọ. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìwọ̀nyí:

- Kí iye ènìyàn tó ìlọ́po méje iye ìbéèrè, kí ó má sì dín sí 100. Fún ìbéèrè 16, ìyẹn jẹ́ 112. Ẹ wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn kan kò ní parí rẹ̀.
- Cronbach's alpha (iye tó ń fi hàn bí àwọn ìbéèrè apá kan ṣe bá ara wọn mu tó) 0.70 ó kéré tán fún apá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún gbogbo ìwé náà lápapọ̀.
- Ẹ jẹ́ kí àwọn 50 tún un dáhùn lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 14, kí ìbáramu ìdáhùn méjèèjì tó 0.70. Ẹ bi wọ́n bóyá ohunkóhun ti yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn: wọ́ọ̀dù tuntun, ìdánwò, owó oṣù, ọ̀fọ̀.
- Ẹ fi factor analysis (ìṣirò tó ń fi àwọn ìbéèrè tó ń rìn pọ̀ hàn) wò ó bóyá apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Yorùbá. Bí ìbéèrè kan bá ṣí lọ sí apá mìíràn, ẹ padà sí ohun tí àwọn ènìyàn sọ ní ìgbésẹ̀ 7 kí ẹ tó yọ ọ́.

## Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣi iṣẹ́ lọ́nà

Ibí ni mo ti rí i tí iṣẹ́ dáadáa ti ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín.

Rẹ̀, àárẹ̀, sú, agara, ìrẹ̀wẹ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan bo gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀. *Ó rẹ̀ mí* jẹ́ ti ara. Ẹni tó ṣe kọ́ọ̀lù mọ́jú sọ ọ́ láàárọ̀, ó sùn, ó jí, ó ti lọ. *Àárẹ̀* sún mọ́ àìsàn, torí pé nígbà tí a bá ní ẹnì kan *ń ṣàárẹ̀*, ara rẹ̀ kò dá ni à ń wí. *Ó sú mi* lè jẹ́ ti oúnjẹ tí a jẹ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ kan. *Agara dá mi* ni ti ẹni tó ti gbìyànjú títí, tí kò rí ọ̀nà, tí okun rẹ̀ sì ti ń tán. Òun ló sún mọ́ ohun tí ìwé ìbéèrè náà ń wá jù. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ bá fi sínú gbólóhùn tó yẹ kó fúyẹ́, *rárá* ni gbogbo ènìyàn yóò mú, ẹ kò sì ní rí àwọn tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ẹ fi í pamọ́ fún gbólóhùn tó le jù, kí ẹ lo *ó ń tán mi lókun* tàbí *ó ń sú mi* fún èyí tó rọ̀ jù ú lọ.

*Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn* ni àwọn ògbufọ̀ kọ́kọ́ máa ń mú, nítorí pé ó dùn létí, ó sì bójú mu. Ẹ yẹra fún un. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìwàásù, ó sì tún ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àìsàn ọkàn tó ń mú kí ènìyàn má fẹ́ ohunkóhun mọ́. Bí ẹ bá lò ó, àìsàn yẹn ni ẹ ń wọ̀n. Ẹ má sì kọ *mo ti jóná*. Ilé ló ń jóná, ọjà ló ń jóná. Bí ènìyàn bá ní òun jóná, a ó sáré bu omi.

Ìtẹ́lọ́rùn. Gbogbo ìtumọ̀ tí mo ti rí ló fi ọ̀rọ̀ yìí pe adùn iṣẹ́. Ìwà rere ni ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní òun kò ní in ti fi ara rẹ̀ hàn bí olójúkòkòrò. Nítorí náà, dókítà tí iṣẹ́ kò dùn mọ́ rárá yóò ṣì fi àmì sí *púpọ̀*, torí pé ó ń sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́, kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe rí. *Iṣẹ́ mi ń dùn mọ́ mi*, *mo ń rí i pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní láárí*, *ó wù mí láti lọ síbi iṣẹ́*: irú wọn kò fi ìwà ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀, òótọ́ sì rọrùn láti sọ nínú wọn.

Àánú. Gbólóhùn nípa bí dókítà ṣe ń bá aláìsàn kẹ́dùn máa ń di *mo ń ṣàánú àwọn aláìsàn mi*. Àánú ṣíṣe lọ́dọ̀ wa jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Dókítà kan sọ fún mi nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé òun mú *púpọ̀* nítorí pé òun sanwó oògùn fún ìyá arúgbó kan lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo bi í bí ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣe rí lọ́kàn rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ìwé náà ń wá ni ìdáhùn kejì yẹn. *Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mi ń ká mi lára* ló mú un jáde.

Ẹlẹgbẹ́. Ọ̀gá ẹni kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni, nọ́ọ̀sì kì í sì í ṣe ẹlẹgbẹ́ dókítà lójú ọ̀pọ̀ wọn. House officer tó ka *àwọn ẹlẹgbẹ́ mi* yóò ro àwọn house officer bíi tirẹ̀ nìkan. Ẹ kọ *àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́*.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn kan á kà á sí ọjọ́ kan pàtó tó ti kọjá. *Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá títí di òní* kò ní iyèméjì nínú, ẹ sì tún un sọ lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Kì í àti mọ́. *Ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ká mi lára mọ́*, kí ìdáhùn sì jẹ́ *rárá*: ṣé ó ń ká a lára ni àbí kò ká a lára? Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu kọ́ọ̀lù kò ní agbára láti tú u. Ẹ yí i sí gbólóhùn tí kò ní ìsọdòdì nínú: *ọkàn mi ti jìnnà sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mi*.

Àwọn ìdáhùn. *Rárá, díẹ̀, níwọ̀nba, púpọ̀, púpọ̀ jọjọ* dára lójú, ṣùgbọ́n *díẹ̀* àti *níwọ̀nba* máa ń yí ipò padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, ẹ dà wọ́n rú, ẹ ní kí ènìyàn mẹ́wàá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá láìwo ti ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá tò sójú kan náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni, ó sì ń gba ìwádìí odindi là.

Àmì ohùn. Iṣẹ́ àti ìṣẹ́ jẹ́ ohun méjì, ìyàtọ̀ wọn sì wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹni tó tẹ ìwé wa yọ gbogbo àmì kúrò kí ó lè bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu, a sì pín ẹ̀dà bí ọgọ́ta kí a tó rí i pé gbólóhùn nípa iṣẹ́ ti ṣeé kà bí ìbéèrè nípa òṣì. A dà wọ́n nù, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé àwọn tó kún un kò ní àkókò tí wọ́n lè fi ṣòfò. Ẹ ka ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n yóò ti dáhùn, ẹ ṣí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ wo bóyá àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè jọ hàn.

## “A dúpẹ́” àti “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”

Bí ẹ bá bi ẹnì kan n'Ìbàdàn pé báwo ni iṣẹ́, *a dúpẹ́* ni yóò wí, ì báà jẹ́ pé kò tíì jẹun láti àná. Ìwà ọmọlúwàbí ni, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó lè wọ inú ìdáhùn yín. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kún un fúnra wọn. Bí ẹ bá ń ka ìbéèrè fún wọn lójúkojú, ìdáhùn ìkíni ni ẹ ó gbà.
2. Ẹ kọ gbólóhùn kan sókè pé ìwé yìí kò wádìí ìmoore tàbí ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, bí iṣẹ́ ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan ló ń bèèrè. Ẹ dán gbólóhùn náà wò pẹ̀lú ìyókù.
3. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bí ẹnì kan bá dáhùn pé *Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́*, ẹ má kọ *rárá* sílẹ̀ fún un. Ó ti kọ gbólóhùn náà kí ó má bàa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi ni. Kò tíì dáhùn rẹ̀. Ẹ fi àmì ọ̀tọ̀ sí i. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbólóhùn kan, gbólóhùn náà le jù.

Ohun kejì tó ń pa òótọ́ ni ìbẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olórí ẹ̀ka pín ìwé náà tàbí kó o jọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó fi ìlujá rẹ̀ sórí WhatsApp ẹ̀ka pẹ̀lú àṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn dáhùn. Ẹ fi àpótí tí a tì pa síbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ẹ má sì bèèrè ọjọ́ orí gan-an, ipò, ẹ̀ka àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin pọ̀: nínú ẹ̀ka tí obìnrin resident kan ṣoṣo wà, ẹ ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- Kíkó ìdáhùn jọ lásìkò tí kò yẹ. Ìwé tó ń bèèrè nípa ọ̀sẹ̀ méjì kò lè sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ bí àwọn dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìyanṣẹ́lódì dé, tàbí bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi kó ìdáhùn jọ.
- Gbígbé òdiwọ̀n ìlú òkèèrè wá bó ṣe wà. Nínú Professional Fulfillment Index, ìpíndọ́gba 3.0 sókè ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ dùn mọ́, 1.33 sókè sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí agara iṣẹ́ dá. Àárín àwọn dókítà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí iye wọ̀nyí. Ẹ sọ ìpíndọ́gba tiyín, kí ẹ sì fi ojú ìṣọ́ra wo ìdá àwọn tó kọjá òdiwọ̀n náà, títí tí a ó fi ní òdiwọ̀n tó ti ọ̀dọ̀ wa wá.
- Fífi ìbéèrè tuntun kún un. Ó máa ń wù wá láti bèèrè nípa jápa, owó oṣù àti iná mànàmáná. Ẹ bèèrè wọn lójú ewé ọ̀tọ̀, lẹ́yìn ìwé náà. Bí wọ́n bá ṣáájú, ìbínú tí wọ́n bá ru sókè ni yóò dáhùn ìyókù.
- Yorùbá tó jinlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tí dókítà ọmọ ọdún 28 ní láti bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà kò yẹ níbẹ̀. Kọ́ọ̀lù, wọ́ọ̀dù àti nọ́ọ̀sì ti di tiwa.
- Kíkọ *ìwọ* tàbí *ẹ̀yin* sínú gbólóhùn. Consultant yóò bínú sí *o*. Ẹ kọ gbogbo gbólóhùn pẹ̀lú *mo* àti *mi*, kí *ẹ* wà nínú ìtọ́ni nìkan.

## Bí owó tàbí àkókò kò bá tó

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń fi owó ara yín ṣe èyí. Bí ẹ bá ní láti gé nǹkan kù, ẹ lè lo ẹnì kan dípò méjì láti dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ìdánwò ńlá sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń bọ̀, kí ẹ pe tiyín ní ohun tó jẹ́: ìtumọ̀ àti ìdánwò àkọ́kọ́. Ìyẹn nìkan tó odindi iṣẹ́ ìwádìí. Ìgbésẹ̀ 2 àti 7 ni kí ẹ má fọwọ́ kàn, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ọ̀nà mìíràn ni láti lo Copenhagen Burnout Inventory, kí ẹ lè yẹra fún owó àṣẹ. Ọ̀nà kẹta ni láti ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a tún ṣe nìkan. Ìgbésẹ̀ 3 sí 5 yóò já bọ́, ìyókù dúró. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rọ́pò ògbufọ̀ kankan nínú iṣẹ́ yìí: ó máa ń ṣi àmì ohùn lò, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó rẹ̀ àti ẹni tí agara dá.

## Bí ẹni tó ń dáhùn bá sunkún

Yóò ṣẹlẹ̀, pàápàá ní ìgbésẹ̀ 2 àti 7. Ẹ múra sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

1. Ẹ bá dókítà kan ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá àwọn tí ẹ fẹ́ bi léèrè, kí ó gbà láti rí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá darí sí i.
2. Ẹ tẹ nọ́ḿbà rẹ̀ sórí ìwé kékeré, ẹ fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ẹni tó sunkún nìkan, kí gbígba ìwé náà má bàa di ìtìjú.
3. Ẹ dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dúró. Ẹ pa ohun tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í.
4. Bí ó bá sọ pé òun ń ro ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ pe dókítà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì dúró títí yóò fi dé.
5. Ìdáhùn rẹ̀ di tirẹ̀. Ẹ bi í lọ́jọ́ kejì bóyá ó ṣì fẹ́ kí ẹ lò ó, bí ó bá sì ní rárá, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀.